Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Ìrọ̀lẹ́ Ìbẹ̀rẹ̀ Ìgbà Ooru Ṣe Fàájì Pẹ̀lú Ẹbí àti Ọ̀rẹ́

Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ronú àtijáde títí ooru á fi mú gan-an. Nígbà tí wọ́n bá fi máa dìde, èyí tó dùn jù nínú ìgbà ooru ti ń kọjá lọ. Ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ ni mò ń sọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ooru, láwọn ilẹ̀ tó jìnnà sí agbedeméjì ayé, ìyẹn ìlà tó pín ayé sí àríwá àti gúúsù, èèyàn á ti ibi iṣẹ́ dé, á jẹun, á fọ abọ́, ilẹ̀ ò sì ní tíì ṣú. Wákàtí méjì tàbí mẹ́ta á ṣì kù nílẹ̀ tí kò sẹ́ni tó tíì fi ṣe nǹkan kan. Wákàtí wọ̀nyẹn ni ìtọ́sọ́nà yìí dá lé. Kò gba owó púpọ̀, kò sì gba ìrìn àjò. Ẹ ṣáà tètè múra sílẹ̀, torí àsìkò náà kì í pẹ́ lọ.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ ọ̀sẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ máa ń pọ̀ jù níbi tí ẹ wà

Ní ìdajì ayé tó wà lápá àríwá, ọjọ́ tí ojúmọmọ máa ń gùn jù lọ́dún máa ń bọ́ sí àárín ọjọ́ 20 sí 22 oṣù Kẹfà. Ní apá gúúsù, ọjọ́ 21 tàbí 22 oṣù Kejìlá ló sábà máa ń jẹ́. Ẹ má rò pé ayé sún mọ́ oòrùn ló fà á. Kódà, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje ni ayé máa ń jìnnà sí oòrùn jù lọ. Ṣe ni ayé fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní ìwọ̀n bíi 23.4°, apá tó bá sì fì sọ́dọ̀ oòrùn ni ìmọ́lẹ̀ á máa pẹ́ sí. Bí ibi téèyàn ń gbé bá ṣe jìnnà sí agbedeméjì ayé tó ni ọjọ́ náà máa ń gùn tó. Ní agbedeméjì ayé gan-an, wákàtí 12 ni ojúmọmọ ń wà níbẹ̀ jálẹ̀ ọdún. Níbi tó wà ní ìwọ̀n 40° sí àríwá tàbí gúúsù agbedeméjì ayé, ọjọ́ tó gùn jù máa ń tó wákàtí 15. Ní 50°, ó máa ń lé ní 16. Ní 60°, ó máa ń sún mọ́ 19.

Ooru kì í bá ìmọ́lẹ̀ dé lọ́jọ́ kan náà. Ilẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó gbóná, omi tún máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí náà ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn ọjọ́ tó gùn jù kí ooru tó mú dé góńgó ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn ìbẹ̀rẹ̀ ju àárín lọ: ìmọ́lẹ̀ ti kún, ooru ò sì tíì di ìyà. Ẹ ka ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ tó gùn jù àti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ fi bírò yí i po lára kàlẹ́ńdà. Lẹ́yìn náà, ẹ wo aago tí oòrùn máa wọ̀ lórí fóònù yín, kí ẹ ka wákàtí méjì sẹ́yìn. Aago tí ẹ máa jáde nìyẹn. Bí oòrùn bá sì ti wọ̀ tán, ojú á ṣì máa ríran fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ mú ọjọ́ kan, kí ẹ sì ké sí èèyàn bí ẹni tó ti ń lọ

Ìbéèrè ló sábà máa ń pa irú fàájì yìí kú. Ẹ bi ẹni méje pé ọjọ́ wo ló rọ̀ wọ́n lọ́rùn, wọ́n á mú ọjọ́ méje wá, ọ̀rọ̀ náà á sì kú sórí WhatsApp. Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe, kí ẹ ní kí wọ́n wá bá yín. Bí àpẹẹrẹ:

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Lọ́jọ́rú, láti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, a máa wà lábẹ́ igi ńlá inú ọgbà ìgbafẹ́. Ìgbà tó bá wù yín ni kí ẹ yà, bó bá jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ ráyè. Ẹ mú nǹkan tí ẹ máa jókòó lé dání. Bí òjò bá rọ̀, pálọ̀ wa la máa wà."

Ó parí. Ẹni tó bá ráyè á wá, ẹni tí kò bá ráyè ò ní máa rò pé òun já yín kulẹ̀. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ òjò ti wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ẹ ò bá sọ ọ́, gbogbo èèyàn á máa wo ojú ọ̀run látàárọ̀, wọ́n á sì máa pè yín.

Ọjọ́ iṣẹ́ sàn ju òpin ọ̀sẹ̀ lọ. Aṣọ fífọ̀, ọjà, ìpàdé àti ìkésíni àwọn ẹlòmíì ti gba òpin ọ̀sẹ̀ tán, ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, ta ló ń bá èèyàn du ìyẹn? Ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ ọjọ́ kan náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, níbì kan náà, kí ẹni tí kò rí ọ̀sẹ̀ yìí wá lè mọ ibi tó ti máa bá yín ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ẹ má pe kìkì ẹgbẹ́ yín. Ẹ pe màmá àgbà, ẹ pe aládùúgbò tó ń dá gbé, ẹ pe ọ̀dọ́ tí kì í fẹ́ jáde nínú yàrá rẹ̀, kí ẹ sì ní kó mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan dání. Fún àwọn àgbà, ẹ gbé àga tó ní ẹ̀yìn lọ, torí ẹní rọrùn láti jókòó lé ṣùgbọ́n ó ṣòro láti dìde níbẹ̀. Ẹ tún rántí pé bí èèyàn bá ti ń dàgbà, òùngbẹ kì í tètè hàn sí i mọ́. Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ wọn, wọ́n lè ní àwọn ò fẹ́. Ẹ kàn bu omi, kí ẹ fi lé wọn lọ́wọ́: "Màmá, ẹ gba omi yín, ẹ jọ̀ọ́." Ẹ ó rí i pé wọ́n á mu ún tán.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ wá ibì kan tí kò jìnnà

Ibi tó bá gbà ju ìrìn ogún ìṣẹ́jú lọ, ẹ ò ní padà síbẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì. Ẹ̀yìn ilé dára. Ọgbà ìgbafẹ́ àdúgbò dára. Etí omi dára tó bá ní ibi tó tẹ́jú. Ẹ wò ó bóyá ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà nítòsí, pàápàá nítorí ọmọdé àti arúgbó, kí ẹ sì wo bóyá ọ̀nà ibẹ̀ ṣeé gbà fún ẹni tó ń tẹ ọ̀pá.

Ọ̀rọ̀ òjìji gba àkíyèsí. Ní ìrọ̀lẹ́, oòrùn ti lọ sápá ìwọ̀-oòrùn, nítorí náà apá ìlà-oòrùn ni òjìji igi máa ń nà sí, á sì máa gùn sí i ni. Apá ìlà-oòrùn igi yẹn ni kí ẹ tẹ́ ẹní sí, bí ẹsẹ̀ mélòó kan sí ìdí rẹ̀. Ẹni tó bá tẹ́ ẹ sápá kejì torí pé ibẹ̀ tutù láàárọ̀ á máa wọ́ ẹní kiri títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Koríko kúkúrú ni kí ẹ jókòó lé, torí orí koríko gíga àti etí igbó ni eégbọn máa ń lúgọ sí. Ẹ jìnnà sí omi tó dúró sójú kan, ibẹ̀ ni ẹ̀fọn ń yé sí. Bí atẹ́gùn díẹ̀ bá ń fẹ́ níbẹ̀, ẹ má sá fún un. Ẹ̀fọn ò lágbára láti fò nínú atẹ́gùn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Oúnjẹ, kó má ju èyí tó rọrùn lọ

Ẹni tó bá ti lo wákàtí mẹ́ta nídìí iná ò ní gbádùn ìrọ̀lẹ́ kankan mọ́. Èso, búrẹ́dì, ẹyin sísè, nǹkan tí wọ́n ń fọwọ́ mú jẹ, omi tútù: ó tó. Kí oníkálùkù mú ohun kan wá, bí ẹni mẹ́ta bá sì mú búrẹ́dì wá, búrẹ́dì la máa jẹ nìyẹn, kò sí wàhálà.

Èso tó pọ́n lásìkò ni kí ẹ wá. Bó bá jẹ́ àsìkò strawberry ni níbi tí ẹ wà, ẹ ṣa èyí tó ti pupa dé ìdí, torí kì í pọ́n sí i mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti já a. Ẹ má fọ̀ ọ́ títí ẹ ó fi fẹ́ jẹ ẹ́, torí bí omi bá wà lára rẹ̀, kì í pẹ́ bàjẹ́. Ẹ gbọ́ òórùn rẹ̀ kí ẹ tó rà á. Èyí tí kò bá ta sánsán kì í sábà dùn.

Bí ẹ bá máa lo kúlà, ẹ jẹ́ kí ohun tó ń wọ inú rẹ̀ ti tutù láti ilé, torí iṣẹ́ kúlà ni láti pa òtútù mọ́. Ẹ fi omi kún inú ike dé ọrùn, kí ẹ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ lókè, kí ẹ jẹ́ kó dì lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Yìnyín nìyẹn, tó bá sì yọ́ tán, omi mímu ni. Ẹ tò wọ́n sórí oúnjẹ, torí afẹ́fẹ́ tútù máa ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹ ya kúlà omi sọ́tọ̀ kúrò lára ti oúnjẹ, torí àwọn ọmọ á máa ṣí ti omi ní gbogbo ìgbà. Oúnjẹ tó lè tètè bàjẹ́, bí ẹran, ẹja, ẹyin àti ohun tí wọ́n fi wàrà ṣe, kò gbọ́dọ̀ pẹ́ ju wákàtí 2 lọ níta kúlà. Bí ooru bá ti kọjá 32°C, wákàtí 1 péré ni.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Oòrùn, ẹ̀fọn àti eégbọn

Láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ìtànṣán oòrùn máa ń ba awọ jẹ́ jù, nítorí náà ìjáde ìrọ̀lẹ́ ti dín ewu kù. Síbẹ̀, bí ẹ bá tètè jáde, ẹ fi ìpara tó ń dáàbò bo awọ lọ́wọ́ oòrùn, èyí tí wọ́n kọ SPF 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí lára, kí ẹ sì tún un fi ní wákàtí méjì-méjì. Awọ dúdú náà máa ń jóná o. Ọmọ ìkókó tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, abẹ́ ibòji ni kó wà. Bí ẹ bá máa fi òògùn tó ń lé ẹ̀fọn, ẹ fi ìpara oòrùn ṣáájú, kí òògùn ẹ̀fọn tẹ̀ lé e.

Tí ẹ bá délé, ẹ wo ara àwọn ọmọ fún eégbọn: ẹ̀yìn etí, abíyá, ìdí irun, abẹ́ ìtan, ẹ̀yìn orúnkún. Bí ẹ bá rí i, ẹ fi ẹ̀mú tó lẹ́nu tín-ínrín mú un nítòsí awọ gan-an, kí ẹ fà á tààrà sókè láì yí i. Ẹ má fi epo pa á, ẹ má sì fi iná jó o.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Bó bá jẹ́ etí omi lẹ lọ

Ìgbésẹ̀ yìí ni kí ẹ fara balẹ̀ kà jù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ooru, afẹ́fẹ́ ti móoru ṣùgbọ́n omi odò àti adágún ṣì tutù bí ìgbà òtútù ṣe fi í sílẹ̀. Ẹni tó bá bẹ́ sínú omi tí kò tó 15°C, èémí rẹ̀ á gbá a lójijì, àyà rẹ̀ á máa lù kìkì, ó sì lè fa omi sínú. Òmùwẹ̀ pàápàá ò bọ́ nínú rẹ̀. Ẹ má bẹ́. Ẹ fẹsẹ̀ wọlé, ẹ bu omi sí apá àti ojú, kí ẹ tó máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí ẹnì kan bá ṣèèṣì já sínú omi, kó má jà. Kó sun ẹ̀yìn, kó na ọwọ́ àti ẹsẹ̀, kó jẹ́ kí omi gbé òun. Láàárín ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, èémí á padà sípò, nígbà náà ló lè máa wẹ̀ bọ̀ tàbí kó ké fún ìrànlọ́wọ́.

Ohun kejì: ọmọ tó ń rì sómi kì í sábà pariwo. Ẹnu rẹ̀ á wà ní ìpele omi, orí rẹ̀ á dà sẹ́yìn, kò sì ní lè na ọwọ́ sókè láti ju ú. Ẹni tó bá ń dúró de ariwo ò ní gbọ́ nǹkan kan. Níbi tí àgbà mẹ́wàá bá jókòó sí, olúkúlùkù á rò pé ẹlòmíì ń wò wọ́n. Nítorí náà, ẹ yan ẹnì kan ní orúkọ: "Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀yin lẹ wà lójú omi báyìí o." Kí ẹni náà má mú fóònù, kó má bá èèyàn takurọ̀sọ. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹlòmíì gbà á.

Àmọ́ ẹ kò ní láti lúwẹ̀ẹ́ rárá. Kéèyàn jókòó létí omi, kó ti ẹsẹ̀ méjèèjì bọ̀ ọ́, kí ìyá àti ọmọ máa wo bí ìka ẹsẹ̀ wọn ṣe ń wọ́ lójú omi, ìyẹn nìkan lè gba odidi ìrọ̀lẹ́.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ jẹ́ kí ìrọ̀lẹ́ ṣe iṣẹ́ rẹ̀

Ẹ má kọ ètò. Ẹ ya fọ́tò kan tí gbogbo èèyàn wà nínú rẹ̀ bí ẹ bá ṣe ń dé, kí fóònù wọ àpò. Bọ́ọ̀lù kan, okùn kan tí wọ́n lè máa fò, káàdì àkópọ̀ kan, ó tó àwọn ọmọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bọ́ bàtà níbi tí ilẹ̀ bá ti mọ́. Bí ó bá sú wọn, ẹ má sáré wá nǹkan fún wọn ṣe. Ẹ fún wọn ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àwọn fúnra wọn á dá eré kan sílẹ̀ tí àgbà ò ní lóye. Bí oòrùn bá ń rọlẹ̀, ẹ ní kí ẹni tó dàgbà jù níbẹ̀ sọ ìtàn ìgbà èwe rẹ̀. Ìbéèrè kékeré ló ń ṣílẹ̀kùn irú ìtàn bẹ́ẹ̀: "Bàbá, níbo lẹ ti kọ́ kẹ̀kẹ́ gígùn?"

Ẹ má tètè palẹ̀ mọ́ bí oòrùn bá wọ̀. Níbi tí tanátaná bá wà, ìgbà yẹn ni wọ́n máa ń jáde, ní eteetí igi àti orí koríko tí ilẹ̀ rẹ̀ tutù. Ẹ pa gbogbo tọ́ọ̀ṣì, torí iná wa ń da ọ̀rọ̀ wọn rú. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń bá ara wọn sọ: lára ọ̀pọ̀ ẹ̀yà wọn, akọ á máa fò, á máa tàn ní ìwọ̀n tirẹ̀, abo á sì dá a lóhùn látinú koríko, ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ló sì ní bí tiẹ̀ ṣe ń ṣẹ́jú. Ẹ jẹ́ kí ọmọdé rọra pa ọwọ́ méjèèjì dé lórí ọ̀kan. Ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé rẹ́súrẹ́sú á máa yọ láàárín ìka rẹ̀, á sì yà á lẹ́nu pé kò jó òun, torí ìmọ́lẹ̀ yẹn kò ní ooru. Kó kà dé ogún, kó sì jù ú sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ìràwọ̀. Ojú máa ń gba nǹkan bí 20 sí 30 ìṣẹ́jú kó tó mọ́ òkùnkùn lára, bí ẹnì kan bá sì tan fóònù lẹ́ẹ̀kan, ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní apá àríwá ayé, ẹ kọjú sí ìlà-oòrùn. Ìràwọ̀ mẹ́ta tó mọ́lẹ̀ gan-an á wà níbẹ̀ tó ṣe igun mẹ́ta ńlá: Vega ló ga jù tó sì mọ́lẹ̀ jù, Deneb wà lápá òsì, Altair wà nísàlẹ̀. Bó bá jẹ́ àsìkò tí Àgùàlà ń yọ nírọ̀lẹ́, ìwọ̀-oòrùn lẹ ó ti rí i, kò ní máa ṣẹ́jú bí ìràwọ̀. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ pé àwọn àgbà ní Àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣebí ajá rẹ̀ ni, kí ẹ wá jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ayé ńlá kan ni, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ayé tiwa yìí.

Bí àrá bá sán, ẹ dìde. Ẹ má sá sábẹ́ igi. Inú ilé tàbí inú ọkọ̀ tí fèrèsé rẹ̀ wà ní pípadé ni kí ẹ wọ̀, kí ẹ sì dúró di ìgbà tí 30 ìṣẹ́jú bá kọjá lẹ́yìn àrá tó sán kẹ́yìn. Lọ́jọ́ tí oòrùn bá wà, ẹ má fi ọmọ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, kódà fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ooru inú rẹ̀ lè fi 10°C lé sí i láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ìpadàbọ̀

Àwọn ọmọ ò ní fẹ́ sùn, torí ìmọ́lẹ̀ ń sọ fún ara wọn pé ọ̀sán ṣì ni. Ẹ ti bo fèrèsé yàrá wọn kí ẹ tó jáde, kí ẹ sì jẹ́ kí ètò alẹ́ wà bó ṣe máa ń wà: ẹsẹ̀ fífọ̀, eyín fífọ̀, bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tí ìyẹ̀fun òdòdó koríko máa ń mú sín, kó wẹ̀ kó sì pààrọ̀ aṣọ kó tó dùbúlẹ̀, torí àsìkò yìí ni ìyẹ̀fun náà máa ń pọ̀ jù nínú afẹ́fẹ́.

Kí ẹ tó túká, ẹ ti dárúkọ ọjọ́ tó kàn. Tí ẹ bá délé, ẹ fọ kúlà lálẹ́ ọjọ́ náà, kí ẹ ṣí ìdérí rẹ̀ sílẹ̀ kó gbẹ. Ẹ gbọn ẹní, kí ẹ kó òun, ife, ọ̀bẹ, aṣọ ìnuwọ́, ìpara oòrùn àti bọ́ọ̀lù sínú àpò kan, kí ẹ gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Lọ́jọ́rú tó ń bọ̀, omi àti oúnjẹ nìkan ló máa kù yín kù.